Ọ̀rọ̀ Méjìlá Abẹ́ Ẹní

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ku wákàtí márùn-ún kí ohùn bàbá Ummusalmah pa rẹ́ láyé.

Bàbá fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe fìdáù, wọ́n ti pín agbádá rẹ̀ láàárín àwọn àbúrò. Ohùn nìkan ló kù. Ọdún mọ́kànlá ni Alfa Ìbráhìm fi ṣe wáàsí ní èdè Yorùbá fún àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Niamey lórílẹ̀-èdè Niger, ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ló sì ń gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Nígbà tí àwọn fóònù náà ń bàjẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo ohùn náà sí ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí kò rí rí, tí wọ́n ń gba owó lọ́dọọdún. Àwọn òyìnbó ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta: bí owó kò bá dé di aago kan ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yìí, àwọn yóò nu gbogbo rẹ̀ dànù. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ibi tó yẹ kó ti máa sáré kiri kọ́ ló wà. Orí bẹ́ńṣì ní kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ló jókòó sí, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ alfa, tó ń nàka sí ọkùnrin kan tí wọ́n mú jókòó sílẹ̀.

"Olè ni!" Àbdùlrásàq ń wí, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ojú ọkùnrin náà. "Òun ló ta owó tí a kò fojú rí fún àbúrò mi. Òun náà ló tún wá jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbé."

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì dé ilé yín rí láyé mi," ọkùnrin náà ní. Jàfárù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ń ta ṣájà àti awọ fóònù ní ọjà Katako, lábẹ́lẹ̀ ó sì ń ta owó kírípítò fún ẹni tó bá fẹ́ san nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ní káàdì báǹkì. Àbdùlrásàq àti àwọn aládùúgbò méjì ló fà á wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ́.

Ínspẹ́kítọ̀ Boubacar, ọmọ Zarma, kò gbọ́ Yorùbá ju "ó tó" lọ, ó sì ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. Ló bá ránṣẹ́ sí Àlhájà Hàwáù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlhájà Hàwáù Àdìgún, ó sì ti ń ta aṣọ ní Katako kí wọ́n tó bí Ummusalmah. Bí ẹjọ́ àwọn Yorùbá bá dé kọmísáríà, òun ni wọ́n ń pè kó wá túmọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Boubacar ti mọ̀ pé ìtumọ̀ nìkan kọ́ ni obìnrin yìí ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, òun ló wo bàtà àwọn tó wá kẹ́dùn pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ kan tí olè jà, tó sì sọ ẹni tó kó irin rẹ̀ láàárín wọn. Ó wọlé báyìí tòun ti ìborùn funfun, ó kí ínspẹ́kítọ̀ ní Hausa, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíká, ó sì yan àga tó kọjú sí Ummusalmah.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀," ó ní. "Àwọn tí nǹkan ò sọ nù lọ́wọ́ wọn ti pariwo tó."

*

"Kí ló dé tí o ò fi owó ọwọ́ rẹ ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó yìí?"

"Wọn ò gba owó orí fóònù tiwa mọ́, Àlhájà. Èmi náà ò ní compte ní báǹkì. Fìlà ni mò ń rán. Wọ́n ní kí n fi kírípítò san án, wọn ò sì ní bi mí ní orúkọ."

"Jàfárù wá tà á fún ọ."

"Ní ọjọ́ Àlàrùba. Mo kó owó lé e lọ́wọ́, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú àpò kan tó wà nínú fóònù mi. Bí mo ṣe ń délé kí n san án, iná lọ, réseau fóònù náà lọ. Kó tó padà dé, fóònù bọ́ sínú bàsíà omi tí mo fẹ́ fi fọṣọ. Ó kú pátápátá."

"Owó inú rẹ̀ kú mọ́ ọn?"

"Rárá o. Àpò yẹn ní ọ̀rọ̀ méjìlá, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí kò bára wọn tan rárá. Tí mo bá tẹ̀ wọ́n sínú fóònù mìíràn, àpò náà á jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jàfárù ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé, kí n má yà á ní fótò, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára. Mo kọ ọ́, mo fi pamọ́ sábẹ́ ẹní mi. Nígbà tí mo wá a lọ́sàn-án àná, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Bí ẹlòmíràn bá rí ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?"

"Àpò di tirẹ̀ nìyẹn."

Àlhájà Hàwáù fi etí ìborùn rẹ̀ wé ìka. "Bí mo bá yá ọ lówó mìíràn ní ìsinsìnyí, ṣé o lè tún un rà?"

"Kò wúlò, Àlhájà. Ọjọ́ Àlàrùba náà, ní ṣọ́ọ̀bù, la fi àpò yẹn ti ilẹ̀kùn ibi ìpamọ́ náà. Kò mọ orúkọ mi, kò mọ ojú mi. Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn nìkan ló mọ̀. Láìsí i, mi ò lè wọlé lọ san ohunkóhun." Ummusalmah fọwọ́ bojú. Ojú ń tì í láti sunkún níwájú ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹkún kì í béèrè ibi tó wà.

Àlhájà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó yíjú sí Jàfárù. "Ìwọ dà, nígbà tó ń kọ ọ́?"

"Mo kọjú sógiri."

"Kò purọ́," Ummusalmah ní. "Ó kọjú sógiri lóòótọ́. Ó tilẹ̀ ń ka orúkọ àwọn ṣájà tó so mọ́ ògiri sókè, kí n lè mọ̀ pé kò bojú wẹ̀yìn."

"Ọgbọ́n àrékérekè!" Àbdùlrásàq ké.

Àlhájà Hàwáù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Jàfárù, ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ bóyá owó yẹn ṣì wà nínú àpò náà?"

Ojú ọkùnrin náà là fún ìgbà àkọ́kọ́. "Gbogbo ayé ló lè wò ó, Àlhájà. Ó dà bí àpótí onígíláàsì láàárín ọjà. Ẹni tó bá ń kọjá á rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Ẹ ní kí wọ́n fún mi ní fóònù mi."

Boubacar yọ fóònù náà nínú dúrọ́ọ̀. Jàfárù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó nà án síwájú. Gbogbo wọn forí jọ. Owó wọlé lọ́jọ́ Àlàrùba, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, kọ́bọ̀ kò jáde.

"Ó wà níbẹ̀!" Ummusalmah pariwo. Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ó tún rántí pé rírí kọ́ ni níní, inú náà sì tún bàjẹ́.

Àlhájà Hàwáù yíjú sí ínspẹ́kítọ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Hausa. "Tú ọkùnrin yìí sílẹ̀."

"Hajiya, ṣé nítorí pé owó ṣì wà níbẹ̀? Ó lè máa dúró kí ariwo rọlẹ̀."

"Fara balẹ̀ gbọ́. Bí Jàfárù bá ti yọjú wo ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló tún fẹ́ fi ìwé ṣe? Orí ló máa gbé e sí. Ẹni tó ti rí ọ̀rọ̀ kò nílò ìwé. Bí kò bá sì rí i, kò mọ abẹ́ ẹní tó wà. Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì, olè tó bá mọ ohun tó mú kì í dúró. Kò mọ̀ bóyá ọmọ yìí ní ẹ̀dà mìíràn nílé, tá á sáré kó owó rẹ̀ lọ. Àná ni ìwé sọ nù, òní la wà yìí, owó ò sì mira."

"Kí wá ni ká pè é?"

"Ẹni tó mú ìwé yìí kò mọ̀ pé owó ni."

*

Nígbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá, inú Àbdùlrásàq ru. "Àlhájà, ẹ má bínú, ẹ ń gbèjà ará ọjà yín ni. Bí kì í bá ṣe òun, ta ló tún fẹ́ jí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Kùránì kọ?"

Ummusalmah dìde lórí bẹ́ńṣì.

"Ummusalmah," Àlhájà Hàwáù ní jẹ́jẹ́, "ṣé lẹ́tà Kùránì lo fi kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àjàmí, bí bàbá wa ṣe máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ mi ní Katako ò ní lè kà á." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ni mo sọ. Ìwé nìkan."

Àlhájà bi Boubacar ohun tó wà nínú ẹ̀sùn. Ínspẹ́kítọ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó fìka tẹ ìlà kan. "Papier," ó ní. "Ìwé. Kò sí nǹkan mìíràn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bú owó kírípítò lójú rẹ̀, tó ní tẹ́tẹ́ ni, tó ní owó tí ọwọ́ kò lè dì mú kò wúlò nínú ilé alfa. Nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló fi rà á láìsọ fún un. Ó ti gbà pé àlejò ni olè, ó rọrùn fún un bẹ́ẹ̀. Kò rò ó dé inú ilé.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ̀yin ni?"

"Èmi kẹ̀?"

"Alfa, níbo lo ti rí ìwé náà?" Àlhájà béèrè.

Àbdùlrásàq gbé ìtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń ké láti àárọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ sínú irùngbọ̀n. "Lálẹ́ ọjọ́ Àlàrùba ni. Mò ń kọjá níwájú yàrá rẹ̀, ó mú un dání, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Mo rí i pé lẹ́tà Kùránì ni. Mo rò pé tírà ni."

"Tírà kí ni?"

"Àlhájà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Tírà kí ni, alfa?"

"Tírà ọkọ." Ó gbójú sílẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Mo rò pé ó ti sú u."

Jàfárù tó wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Àlhájà ò lè bo tirẹ̀. Ummusalmah alára, tí ojú rẹ̀ ṣì tutù fún omijé, rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìgbáyà mú. Boubacar ń bèèrè pé kí ni, kí ni, kò sì sí ẹni tó ráyè túmọ̀ fún un.

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Kí n má baà dójú tì ọ́ ni. Wallahi, mi ò fọwọ́ kàn án." Ó gbójú sókè, inú ń bí i díẹ̀ nítorí ẹ̀rín. "Ṣé èmi Àbdùlrásàq ni màá lọ fọwọ́ lásán mú ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run nínú, láìṣe àlùwàlá?"

Ẹ̀rín Àlhájà Hàwáù dúró lójijì. Ó fi etí ìborùn wé ìka, ó tú u, ó tún un wé.

"Alfa, o rí orúkọ Ọlọ́run nínú ìwé náà?"

"Mi ò kà á. Òkèèrè ni mo wà."

"O ò kà á, o sì ti gbà pé ó wà níbẹ̀. Ìwọ tó mọ Kùránì dórí." Ó dìde. "Bọ́rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à á bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Láti àná ni gbogbo yín ti ń wá ẹni tó lè kà á. Ẹ jẹ́ ká lọ wá ẹni tí kò lè kà á. Ta ló wà nílé?"

"Màmá Àgbà nìkan," Ummusalmah ní.

"Ó dáa. Jàfárù á tẹ̀ lé wa, a máa nílò rẹ̀."

Boubacar wo Jàfárù, ó wo Àlhájà. "Bí ó bá sá, Hajiya, ìwọ ni màá tì mọ́lé."

"Bí ó bá sá, kí o kó gbogbo aṣọ ìsọ̀ mi," Àlhájà dá a lóhùn, ó sì ti ń wá bàtà rẹ̀.

*

Ní Boukoki, àdúgbò wọn, agbo ilé náà dákẹ́. Ilé kéú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣófo, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ọmọ kéú wà nílé wọn. Màmá Ànísátù, ìyá tó bí Alfa Ìbráhìm, jókòó sórí awọ àgbò lábẹ́ òjìji, ó ń fi tẹ̀súbáà ṣe ìrántí Ọlọ́run. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, etí rẹ̀ ló mú.

Àlhájà Hàwáù kò lọ bá a tààrà. Yàrá Ummusalmah ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó gbé ẹní sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka nu ilẹ̀. Eruku kò sí níbẹ̀ rárá.

"Ta ló gbá ibí?"

"Màmá. Gbogbo Àlàmísì ni wọ́n ń kó àwọn ẹní síta, kí wọ́n lè gbọ̀n wọ́n de Jímọ̀. Wọn kì í jẹ́ ká bá wọn ṣe é."

"Ṣé ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ìwé sọ nù?"

Wọ́n ti bi alámùúlégbè. Wọ́n ti bi ẹni tó ń gbé omi wá. Wọ́n tilẹ̀ ti bi tẹ́lọ̀ tó wà ní ìkángun àdúgbò.

Àlhájà jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó. Wọ́n kí ara wọn tẹ́rùn: ìlera, ọmọ, oòrùn tó mú, ọjà tó dúró. Ummusalmah ń wo oòrùn tó ń gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélẹ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

"Màmá," Àlhájà Hàwáù ní nígbẹ̀yìn, "bí ẹ bá rí lẹ́tà Kùránì nílẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe, ọmọ mi? Màá ní kí Ọlọ́run foríjì wá. Màá gbé e, màá fi kan iwájú orí, màá kó o sápò."

"Àpò wo ni, Màmá?"

"Àpò àwọn ìwé tó ti gbó. Kùránì tó ya, bébà àwọn ọmọ kéú. A kì í jù wọ́n sí ààtàn."

"Ṣé ẹ rí ọ̀kan lánàá?"

"Mo mà rí i o! Níbi tí ẹ ń bọ́ bàtà sí gan-an ló já bọ́ sí nígbà tí mò ń gbọn ẹní. Mo ní àwọn ọmọ kéú wọ̀nyí, ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rù Ọlọ́run?" Ó yí etí sí ibi tí Ummusalmah ti ń mí sókè sódò. "Kí ló dé? Gbogbo ilé ń pariwo olè lánàá, mo ní kí ló sọ nù, wọ́n ní kí n lọ sinmi."

Ummusalmah wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Kò sọ ti owó. Ó ní, "Màmá, òun la fi ń ṣí ibi tí ohùn bàbá mi wà. Tó bá di aago kan ọ̀sán yìí, wọ́n á pa á rẹ́."

"Ohùn Ìbráhìm?"

"Àpò náà dà, Màmá?" Àlhájà ti dìde. Ìṣó tí wọ́n ń gbé àpò kọ́ lára ògiri ilé kéú ṣófo.

"Ùmàr ti wá gbé e láàárọ̀. Mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní àdúgbò Bobiel ló ń kó wọn lọ. Ó ń sun wọ́n, ó sì ń sin eérú rẹ̀ síbi tó mọ́, kí wọ́n tó kírun Jímọ̀." Ìyá arúgbó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Àbdùlrásàq sáré láti dá a jókòó, ó gba ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mo ti sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá tákísí."

*

Àwọn márùn-ún ló há sínú tákísí náà, awakọ̀ sì jẹ́ kẹfà wọn. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Bobiel, èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ummusalmah ti fò jáde kí ọkọ̀ tó dúró tán.

Ùmàr, ọkùnrin gígùn kan tó ń tọ́jú mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà níbẹ̀, dúró tòun ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tó ń jó. Àpò méjì ti di eérú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀kẹta.

"Dúró!" Àlhájà Hàwáù ké ní Hausa.

Ó dúró, ìbẹ̀rù bò ó. Àpò mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, gbogbo wọn sì jẹ́ aṣọ àlòkù tí wọ́n rán pọ̀. Wọ́n mú Màmá Ànísátù sún mọ́ wọn. Ó fọwọ́ pa àkọ́kọ́, ó kọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ pa ìkejì, èyí tí Ùmàr dì mú, ó wá etí rẹ̀ kàn. "Tèmi nìyí. Ọwọ́ mi ló rán an."

Ùmàr kò fẹ́ kí wọ́n tú u. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ọjà tú. Àlhájà kò bá a jiyàn. Ó ní kó gbé bútà wá. Bí aago kan ṣe ń bọ̀ wá bá wọn yẹn, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ṣe àlùwàlá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó fo ẹsẹ̀ kan. Nígbà náà ni Ùmàr tẹ́ ẹní fún wọn.

Ìdààmú tuntun dé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ewé ìwé ló tú jáde, lẹ́tà kan náà ló wà lára gbogbo wọn, a sì ti ká ìwé Ummusalmah pọ̀ sí mẹ́rin bí èyí tó kù. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Àbdùlrásàq ló rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó jókòó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà èwe, ojú rẹ̀ ń sáré.

"Kùránì. Kùránì. Hádíìsì. Àdúà òjò. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kéú, ó tilẹ̀ ṣì í kọ. Kùránì. Kùránì." Ó ń fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kánjú. Ó ti tó ìdajì àpò kí ó tó dákẹ́. Ó gbé ewé kan sún mọ́ ojú. "Èyí kì í ṣe Lárúbáwá. Kì í ṣe Yorùbá. Kì í ṣe Hausa. Kò nítumọ̀ rárá. Ó ní—"

"Ẹ má kà á jáde!" Ummusalmah àti Jàfárù ké pọ̀. Jàfárù ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì fi ìka di etí méjèèjì.

Àlhájà Hàwáù wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó wo Àbdùlrásàq. Àbdùlrásàq rí ìwò náà, ó sì mọ ohun tó ń sọ.

"Bọ̀ọ̀dá Jàfárù," ó ní nígbà tí ọkùnrin náà yọ ìka létí, "mo pè ọ́ lólè láàárín ọlọ́pàá. Ọlọ́run á bi mí. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Ó ti tán, alfa. Ẹ jẹ́ ká rí réseau ná."

*

Fóònù Àlhájà ni wọ́n lò. Ummusalmah lọ jókòó lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, fóònù mú un. Ó tẹ ìkejì. Bó bá ti tẹ lẹ́tà mẹ́ta, fóònù fúnra rẹ̀ á gbé ọ̀rọ̀ tó kù wá. Nígbà tó tẹ ìkejìlá, àpò náà ṣí gbayawu, gbogbo ohun tó rà wà níbẹ̀. Ó pariwo "Alhamdulillah," àwọn ẹyẹ fò lórí igi.

Ó di aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Ó wọ ibi ìpamọ́, ó tẹ ibi ìsanwó. Réseau lọ.

Jàfárù ní kí wọ́n gun òkìtì iyanrìn tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n gùn ún, Ummusalmah ń na fóònù sókè, Àbdùlrásàq ń ti ìyá arúgbó lẹ́yìn, Ùmàr náà tẹ̀ lé wọn nítorí pé kò tíì yé e, ó sì fẹ́ kó yé e. Àmì réseau kan dé. Méjì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òbìrí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Kí ló ń yí?" Àlhájà béèrè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, òun ni kò mọ̀.

"Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà jẹ́ òótọ́," Jàfárù ní. "Ẹ ní sùúrù."

Ó ń yí. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ń yí. Ó ku méje. Ummusalmah kò lè wò ó mọ́, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi orí sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ó ti dúró," Àbdùlrásàq ní. "Ó di àwọ̀ ewé. Kí ni ìyẹn?"

Jàfárù yọjú wò ó. "Wọ́n ti gbà á. Ọdún méjì gbáko. Kò sí ẹni tó máa pa á rẹ́."

Ummusalmah jókòó sínú iyanrìn, ó sunkún, kò sì bìkítà mọ́ fún ẹni tó ń wò ó. Àlhájà Hàwáù ń pe Boubacar láti orí fóònù Jàfárù, ó ń sọ fún un pé kò sí olè, kó fa ìlà sí ẹ̀sùn náà. Ó gbọ́ tí ínspẹ́kítọ̀ ń bèèrè pé ta ló wá mú ìwé ọ̀hún. "Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run," ó dá a lóhùn. "Wá òfin tó bá a mu."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ," Màmá Ànísátù ní.

Ummusalmah nu ojú. Kò yan èyí tó fẹ́, ó kàn tẹ ọ̀kan láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn tó nípọn, tí kì í kánjú. Ó ń ṣàlàyé ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Lẹ́yìn ohùn náà, láti ọ̀nà jíjìn nínú agbo ilé, obìnrin kan ń pè: Ìbráhìm! Ìbráhìm o!

Ohùn ọkùnrin náà dákẹ́. "Ẹ má bínú," ó ní fún àwọn tó ń gbọ́ ọ nígbà náà lọ́hùn-ún. "Ìyá mi ń pè mí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè tí kò dáhùn, wáàsí wo ló fẹ́ ṣe?" Ó wá gbóhùn sókè: "Màmá, mo ń bọ̀ o! Kí lẹ fẹ́?"

Màmá Ànísátù gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi," ó ní. "Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Mo kàn pè ọ́ ni."